Orí Keje: Ọkọ̀ Tí Ipá Epo Rẹ̀ Ti Dínkù

Ọkọ̀ tó bá gba Malu Road láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀ wọ Àpápá lè rìn dáadáa débi tí ẹnikẹ́ni kò ní fura pé nǹkan ń ṣe é. Ojú ọ̀nà tẹ́jú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí èbúté kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré sáré, ẹ́ńjìnnì tí kò bá sì sáré kì í béèrè epo púpọ̀. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ náà bá la Wharf Road já, tó kọjú sí afárá Ìjọ́rà, tí awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn kó lè gun òkè. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì, tí agbára yóò tán nínú rẹ̀, tí yóò sì fẹ́ kú. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ara ọkọ̀ á tún balẹ̀.

Mẹkáníìkì tó bá gbọ́ ìròyìn yìí sábà máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé pọ́ǹpù epo ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ fílítà tó dí, tàbí wáyà tó ti dípẹtà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, tàbí régúlétọ̀ tó ti rọ̀, tàbí ìdérí táǹkì tí kò mí mọ́. Ìyà kan náà ni gbogbo wọn fi ń jẹ ọkọ̀ lórí afárá. Ẹni tó bá lọ sí ọjà Ládìpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó ra pọ́ǹpù méjì, kó tó wá mọ̀ pé wáyà ló bàjẹ́, ti fi owó ọjọ́ púpọ̀ ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ló jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ìdí nìyí tí orí yìí fi dúró gbọin lórí ohun kan: kí a fi géèjì wọn ipá epo kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan, kí ẹnikẹ́ni tó náwó. Ipá tó dínkù kì í ṣe orúkọ àìsàn. Àmì ni, ibi tó sì ti ń wá pọ̀.

Ipá tó yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan

Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Badagry, níbi tí kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá àti ọ̀pọ̀ Peugeot 504 ìgbà náà, kábúrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Pọ́ǹpù wọn kéré, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dè é mọ́, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń tì í lọ, tì í bọ̀. Kò nílò ju nǹkan bíi 3 sí 6 psi lọ, nítorí kábúrétọ̀ kò fẹ́ kí epo rọ́ wọ inú rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ìkòkò rẹ̀ kékeré máa kún ni.

Irú ọkọ̀ yìí ní àìsàn kan tí àwọn tòde òní kì í sábà ní. Pọ́ǹpù rẹ̀ ń fa epo láti ọ̀ọ́kán, ara ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló sì wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan fún wákàtí kan nínú oòrùn ọ̀sán, epo inú páìpù a máa hó, a sì di ooru. Pọ́ǹpù kò lè fa ooru bó ṣe ń fa epo, ọkọ̀ á sì kú. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń fi àkísà tútù lé pọ́ǹpù lórí kò ṣe idán. Ooru ni wọ́n ń sọ di epo padà, ohun tí wọ́n sì ṣe bá ìmọ̀ mu pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Púpọ̀ nínú wọn kò ní kábúrétọ̀. Pọ́ǹpù oníná ló wà nínú táǹkì wọn, ó ń ti epo gba inú fílítà lọ sí páìpù tó gùn lórí ẹ́ńjìnnì, nọ́sù kọ̀ọ̀kan á sì máa fọ́n ọn gẹ́gẹ́ bí brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, bá ṣe pàṣẹ. Brain box kì í wọn epo tí nọ́sù fọ́n. Àsìkò tí nọ́sù fi là ló ń kà, ó sì gbà pé ipá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé. Bí ipá náà bá dínkù, nọ́sù á là fún iye àsìkò tó yẹ, ṣùgbọ́n epo tó jáde kò ní tó. Afẹ́fẹ́ á wá pọ̀ jù fún epo tó wà nínú ẹ́ńjìnnì.

Iye tó yẹ kí géèjì fi hàn yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Toyota Camry oní-lítà 2.2 ti 1992 sí 1996 ń fẹ́ 38 sí 44 psi nígbà tí a bá yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò lára régúlétọ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ti 1997 sí 2001, ń fẹ́ 44 sí 50. Corolla tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE náà ń fẹ́ 44 sí 50. Mercedes àtijọ́ tó ń lo ètò KE-Jetronic ti Bosch ju 70 psi lọ, ẹni tó bá sì fi ojú Toyota wò ó yóò rò pé ó sàn nígbà tó ti ṣàìsàn. Psi 5 tó tó Ìjàpá jẹ, tó yó, kò lè jí Camry rárá. Nítorí náà, ìwé ọkọ̀ náà gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe ohun tó rántí nípa ọkọ̀ mìíràn.

Àmì tó ń ṣáájú géèjì

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọn nǹkan kan. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn láì tíì kíkì í, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ohùn pọ́ǹpù lẹ́yìn ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àwọn Toyota kan wà tí kì í dún àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ohùn tó ń hu bí èyí tó ń jìyà sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọ̀nà epo dí tàbí pé epo kò tó nínú táǹkì.

Ọkọ̀ tó ń pẹ́ kó tó gbà láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó ń gbà kíá bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ síwájú sẹ́yìn nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó kíkì í, ti sọ tirẹ̀: ipá inú páìpù ń jò lọ lóru. Ọkọ̀ tó ń kú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tó sì ń jí nígbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí táǹkì tí afẹ́fẹ́ sì fà wọlé pẹ̀lú ariwo, ìdérí náà ló ṣe é. Epo ń jáde nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ kò wọlé dípò rẹ̀, pọ́ǹpù ń bá òfìfo wọ̀jà. Àyẹ̀wò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ètò àyẹ̀wò OBD-II, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń sáré ní Èkó ló sì bá a wá. Bí ẹ̀rọ scan bá fi P0171 hàn, ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo. Kò sọ pé pọ́ǹpù bàjẹ́. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya lè mú un jáde, epo tí kò dára lè mú un jáde, ipá tó dínkù náà lè mú un jáde. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò sì ní ẹ̀rọ kankan tó ń wọn ipá epo fún brain box, ìyẹn ni pé scan kò lè rí ohun tí géèjì ń rí.

Kí iná má ràn

Epo tó wà lábẹ́ ipá 45 psi kì í kán tótó. Ó ń fọ́n ni, ẹ́ńjìnnì gbígbóná sì wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́bàá títì, wọ́n sún mọ́ ìyá tó ń din àkàrà, wọ́n sún mọ́ ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n sún mọ́ ẹni tó ń jó irin pọ̀. Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú orí yìí ni kí wọ́n ti ọkọ̀ kúrò níbi iná kí wọ́n tó tú páìpù epo kankan.

Kí wọ́n yọ fíyúsì pọ́ǹpù, kí wọ́n kíkì ọkọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ìyẹn á jẹ epo tó wà nínú páìpù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ orí bátìrì tí ó jẹ́ ti ẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ bo ojú ibi tí wọ́n fẹ́ tú, kí apaná sì wà nítòsí ọwọ́, kì í ṣe nínú búùtù. Fífi ẹnu fa epo jáde nínú táǹkì jẹ́ àṣà tó ti pa àwọn ènìyàn. Epo tó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró kì í rọrùn láti wò. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tó bá nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rán an.

Kíka géèjì

Àwọn ọkọ̀ kan ní ẹnu kékeré lórí páìpù nọ́sù, tó jọ ẹnu táyà, tí wọ́n lè de géèjì mọ́ tààrà. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ kò ní in. Wọ́n máa ń fi ohun èlò ìsopọ̀ mọ́ ibi tí epo ti ń jáde nínú fílítà, kí epo lè máa kọjá sí ẹ́ńjìnnì bí géèjì ṣe ń kà á. Géèjì kò wọ́n tó pọ́ǹpù tuntun ojúlówó. Iye mẹkáníìkì tó ní ọgbọ́n etí àti ọgbọ́n ọwọ́ ní Ajégúnlẹ̀ kò lóǹkà, ohun tó sì dunni ni pé géèjì ṣọ̀wọ́n nínú àpótí irinṣẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ì bá gbè wọ́n lẹ́yìn nígbà tí oníbàárà bá ń jà.

Kíkà àkọ́kọ́ ni ti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Camry ti 1992 sí 1996 yóò fi nǹkan bíi 31 sí 37 psi hàn. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò lára régúlétọ̀, tí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀, géèjì gbọ́dọ̀ gòkè dé 38 sí 44. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń ràn régúlétọ̀ lọ́wọ́ láti dá epo padà sí táǹkì. Bí ìrànlọ́wọ́ yẹn bá kúrò, epo tó ń padà á dínkù, ipá á sì gòkè. Bí géèjì kò bá mira, régúlétọ̀ tàbí rọ́bà rẹ̀ ni kí wọ́n fura sí. Bí rọ́bà náà bá sì tutù fún epo, awọ inú régúlétọ̀ ti ya, ẹ́ńjìnnì sì ń mu epo láti ibi tí kò yẹ: èéfín dúdú àti òórùn epo á jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí ipá bá kéré, wọ́n á wá fi ohun ìfúnpọ̀ tó ní ojú rọ́bà fún páìpù ìpadàbọ̀ epo, níbi tó ti jẹ́ rọ́bà, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Bí géèjì bá fò sókè ju 60 lọ, pọ́ǹpù sàn, régúlétọ̀ ló ń tú epo padà jù. Bí géèjì kò bá kúrò lójú kan, ìṣòro wà lẹ́yìn: nínú fílítà, nínú asẹ́ tó wà ní ìdí pọ́ǹpù, nínú iná tó ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, tàbí nínú pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo yìí ló ń pín ilé sí méjì, kò sì sí èyí tó níye lórí tó o nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Wọn kì í ṣe é fún Corolla 1ZZ-FE àti irú rẹ̀, nítorí inú táǹkì ni régúlétọ̀ wọn wà, wọn kò sì ní páìpù ìpadàbọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì.

Ipá tó pé lórí ìdúró kò tíì fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ mọ bí omi ṣe ń ta jáde kíkankíkan nígbà tí wọ́n bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà, síbẹ̀ tí omi tó ń jáde kéré. Fílítà tó dí ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó dúró kò béèrè púpọ̀, géèjì á dára, ṣùgbọ́n lórí afárá ni àṣírí á tú. Ọgbọ́n tó wà fún èyí ni géèjì onírọ́bà gígùn tí wọ́n lè fà gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dé iwájú gíláàsì, kí wọ́n fi wípà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹnì kejì máa kà á bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀nà fúyẹ́, ló dára jù fún irú ìdánwò yìí. Ipá tó bá já láti 40 sí 25 bí ẹsẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ ti sọ ohun gbogbo.

Bí kò bá sí àyè láti wa ọkọ̀, wọ́n lè wọn iye epo tó ń jáde sínú ike onílà. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ọkọ̀ kékeré ń tú nǹkan bí ìdajì lítà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n máa wo géèjì. Toyota ń fẹ́ kí ó ṣì wà ní 21 psi ó kéré tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá já wálẹ̀ kíá, ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù kò dé mọ́, tàbí régúlétọ̀ ń jò, tàbí nọ́sù kan ń kán sínú ẹ́ńjìnnì.

Wáyà, èyí tí wọ́n ń gbàgbé

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Pọ́ǹpù tí iná rẹ̀ kò pé yóò yí, yóò dún, epo yóò jáde, ipá rẹ̀ nìkan ni kò ní pé, gbogbo ènìyàn yóò sì máa pè é ní ẹni tó ti gbó. Bátìrì lè gbé fóltì 12.5 nígbà tí ohun tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù jẹ́ 9.8. Ìyókù ti ṣègbé sójú ọ̀nà.

Àdúgbò náà dá kún un. Ọ̀pọ̀ òpópónà Ajégúnlẹ̀ ni omi òjò máa ń mù, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ojú omi ní iyọ̀, omi tó bá sì ti dé ìsàlẹ̀ àga kì í gbẹ kíá. Abẹ́ àga ẹ̀yìn gan-an ni ojúkò wáyà pọ́ǹpù wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota. Ohun mìíràn ni demobilizer, ẹ̀rọ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ nítorí olè, tó jẹ́ pé wáyà pọ́ǹpù ni wọ́n sábà máa ń gé láti fi sí i. Bí ẹni tó de é bá kàn lọ́ wáyà méjì pọ̀, tó fi téépù wé e, ojúkò náà yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀, yóò dúdú, yóò sì máa jẹ iná tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù.

Mítà ni wọ́n fi ń mọ̀, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọn ọ́n, nítorí wáyà tó bàjẹ́ lè fi fóltì 12 hàn nígbà tí kò gbé ẹrù kankan. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orí bátìrì tó ń gbé iná jáde, kí wọ́n fi èkejì sí ibi tí iná ti ń wọ pọ́ǹpù. Mítà á sọ iye tó sọnù lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù sí ẹ́ẹ̀tì bátìrì. Ibi tí ó bá ti ju ìdajì fóltì lọ ni kí wọ́n tọ̀, láti ojúkò dé ojúkò, títí wọn yóò fi bá ọ̀bàyéjẹ́ náà.

Àwọn rẹ́wáyà kan ní ọ̀nà àbùjá: wọ́n á fa wáyà tuntun láti bátìrì lọ sí pọ́ǹpù, wọ́n á fi bọ́tìnnì kan sí i. Ọkọ̀ á sáré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ètò tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, pọ́ǹpù á dákẹ́. Bí ọkọ̀ tí wọ́n ti fa wáyà rẹ̀ báyìí bá forí sọ ọkọ̀ mìíràn tí páìpù rẹ̀ sì já, pọ́ǹpù yóò máa fọ́n epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná nígbà tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń wá ọ̀nà àbájáde. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà. Tí rìléè bá ti jóná, kí wọ́n pààrọ̀ rìléè.

Táǹkì tí epo rẹ̀ kì í kún

Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye epo bẹntiróòlù ní ilé epo NNPC l'Ékòó di ₦488 lítà kan, èyí tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀. Ó sì tún gòkè lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń kún táǹkì tẹ́lẹ̀ wá ń ra lítà márùn-ún, márùn-ún.

Epo tó wà yí pọ́ǹpù ká nínú táǹkì ló ń tù ú lára. Pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ nínú táǹkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá, ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì ọkọ̀ tó ti tó ogún ọdún. Kò sí ẹni tó lè bá awakọ̀ wí nítorí owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì lè ṣe ni láti sọ fún un pé bí ó bá lè jẹ́ kí epo máa wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì, pọ́ǹpù rẹ̀ yóò pẹ́. Nígbà tí pọ́ǹpù bá sì di dandan, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àlòkù láti òkè òkun tí wọ́n ń pè ní Belgium, kí wọ́n fọ táǹkì, kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ àti fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Pọ́ǹpù tuntun nínú ẹrẹ̀ àtijọ́ kì í tọ́jọ́.

Oṣù kejì 2022

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 2022, NMDPRA, àjọ tó ń mójú tó epo rọ̀bì tí wọ́n ti fọ̀, kéde pé àwọn rí epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju iye tí òfin Nàìjíríà gbà lọ. NNPC ṣàlàyé pé láti Antwerp ní Belgium ni wọ́n ti kó o wá, àti pé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún epo níbi tí wọ́n ti ń dì í àti níbi tí wọ́n ti ń já a kò ní ìdánwò methanol nínú. Wọ́n ní kí wọ́n kó epo náà kúrò lọ́jà. Ọkọ̀ tò gbọọrọ ní àwọn ilé epo l'Ékòó àti Àbújá, àwọn tó ní ọkọ̀ sì ń ráhùn pé pọ́ǹpù àwọn ti bàjẹ́.

Methanol kì í ṣe májèlé fún ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo. Wọ́n máa ń fi ìwọ̀nba rẹ̀ sínú epo. Ọ̀rọ̀ iye ni. Bẹntiróòlù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 sí epo ìwọ̀n 1 kó tó jó tán, nígbà tí methanol ń fẹ́ 6.4 péré. Ká ní methanol jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún epo kan: afẹ́fẹ́ tó yẹ ẹ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13 sí 1, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì nílò epo tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ á jẹ́ẹ̀kì, kò ní fẹ́ gun afárá, scan á fi P0171 hàn. Gbogbo àmì ipá tó dínkù ló pé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá de géèjì mọ́ ọkọ̀ tó ń fẹ́ 44 sí 50, 47 psi ni yóò fi hàn. Ẹni tí kò wọn nǹkan kan yóò ti yọ pọ́ǹpù tó sàn sọnù.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìbàjẹ́ gidi lè wá dé. Methanol ń fa omi mọ́ra, ó ń jẹ aluminium, ó sì ń mú kí àwọn rọ́bà tí wọn kò ṣe fún un wú tàbí kí wọ́n rọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú pọ́ǹpù àti páìpù wọn jẹ́ ti ìgbà tí wọn kò ronú kan irú epo bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò tó wà fún èyí rọrùn. Kí wọ́n bu epo sínú ìgò funfun, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ níbi tí iná kò sí. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìlà á hàn láàárín méjèèjì. Láti mọ̀ bóyá ọtí bíi methanol wà níbẹ̀, kí wọ́n da epo sínú ike onílà, kí wọ́n fi omi díẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n kún un, kí wọ́n dé e, kí wọ́n mì ín, kí wọ́n sì jẹ́ kó silẹ̀. Bẹntiróòlù kì í wọnú omi, ṣùgbọ́n methanol máa ń fi bẹntiróòlù sílẹ̀ lọ bá omi. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n dà sí i lọ, ọtí ló wọ inú rẹ̀. Kí ìdánwò yìí jẹ́ ìṣe fún epo tí wọ́n bá rà nínú jálá lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ọ̀wọ́n.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àwọn ìròyìn ọkọ̀ yìí, kó sọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò àti ìdí rẹ̀, láì tíì ra ohunkóhun.

Èkíní ni Camry ti 1994. Lórí ìdúró, géèjì fi 24 psi hàn. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà afẹ́fẹ́, ó di 27. Nígbà tí wọ́n fún páìpù ìpadàbọ̀, ó fò dé 65.

Èkejì ni Corolla ti 2000 tó ń sùn nínú àgbàlá tí omi máa ń wọ̀. Géèjì fi 33 psi hàn, bátìrì gbé fóltì 12.5, fóltì 9.7 ló sì dé ẹnu pọ́ǹpù. Ẹni tó ni ín sọ pé wọ́n de demobilizer mọ́ ọn lọ́dún tó kọjá.

Ẹ̀kẹta ni Volkswagen Ìjàpá tó ń fi 4 psi hàn láàárọ̀, tó sì ń kú lójoojúmọ́ lágogo kan ọ̀sán lórí Creek Road, ṣùgbọ́n tó ń jí lẹ́yìn ìsinmi wákàtí kan.

Ẹ̀kẹrin ni Camry ti 1999. Ó ń jẹ́ẹ̀kì lórí afárá Ìjọ́rà, scan fi P0171 hàn, rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ya, géèjì tí wọ́n fi wípà tẹ̀ mọ́ gíláàsì kò sì kúrò ní 47 títí wọ́n fi gun òkè tán. Àná ni awakọ̀ rẹ̀ ra epo nínú jálá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí yóò bù nínú táǹkì, iye omi tí yóò fi kún un, àti ohun tí yóò wò lẹ́yìn tó bá silẹ̀.